Má Ṣí I Nínú Oòrùn

Jẹ́jẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tí mi ò kábàámọ̀,

Mo kí ọ bí ilé ṣe ń kí ẹni tó rìn jìnnà. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń rí oorun sùn lórí ibùsùn tuntun yẹn, ṣé ẹsẹ̀ rẹ sì ti mọ ọ̀nà kíláàsì láìjẹ́ pé o ń béèrè? Ọlọ́run tó bá ọ wọkọ̀ lọ kò ní sọ̀ kalẹ̀ kó fi ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí yóò rí ọ tí inú rẹ̀ yóò dùn, Ọlọ́run á darí rẹ̀ sí ọ̀nà tí ò ń gbà. Ara èmi náà le, orúnkún ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ máṣínnì ìránṣọ nìkan ló ń ṣe bí ẹni pé òun kì í ṣe tèmi.

Kí n tó lọ jìnnà, mo mọ̀ pé o ti rí ohun tí mo kọ sẹ́yìn àpòòwé, pé kó o ti fèrèsé, kó o pa iná, kó o tó ṣí i. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, o ṣeun, ọmọ tó ń gbọ́ràn ni ọ́. Wàá rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. O ní fóònù rẹ já bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, pé kò tàn mọ́, pé gbogbo fọ́tò ìyá rẹ sì ti bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí a jọ ń gbé ní kí n tètè sọ fún ọ pé kó o má da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn nù o, torí ibẹ̀ làwọn fọ́tò náà máa yọ́ sí, kó o dé e lórí títí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe yóò fi dé. Èmi náà fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ibi tó dùn mí jù nínú lẹ́tà náà ni ibi tí o ti ní bí o bá di ojú, aṣọ ìyá rẹ lò ń rí, o kì í rí ojú rẹ̀ mọ́. O tún ní àwọn ọmọbìnrin méjì tí ẹ jọ wà ní yàrá ń bá ara wọn rẹ́rìn-ín, ìwọ sì ń ka irin fèrèsé, pé mẹ́tàlá ni. Mo dá máṣínnì dúró lọ́jọ́ yẹn.

O mọ̀ pé òjò ti ba àwọn fọ́tò orí pépà jẹ́ lọ́dún tí òrùlé ṣí, inú fóònù rẹ nìkan ni ìyá rẹ ṣẹ́ kù sí. Mo wá rántí kámẹ́rà rẹ̀, èyí tó rà lọ́wọ́ onífọ́tò tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ-má-mira, torí ohun tó ti ń sọ fún èèyàn láti ogójì ọdún nìyẹn, débi pé bó bá kí wa láàárọ̀, a ó kọ́kọ́ dúró gbọnin ká tó dáhùn. Ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá rẹ ti lọ, abẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ni kámẹ́rà náà wà, nínú àpótí bọ́tìnnì. Fíìmù tó ń lò lọ́wọ́ ṣì wà nínú rẹ̀.

Mo gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dáa, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí n wo ìyá rẹ, bí èèyàn ṣe ń ṣí fóònù. Ohun tí mo rí ni ọ̀já kan tó ń dán, kò sí ojú kankan lára rẹ̀. Mo rò pé eruku ló bò ó, mo bá fi etí aṣọ nù ún, mo tún gbé e sí oòrùn dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ní bóyá àwọn fọ́tò náà ti sùn, kí n rọra gbá a.

Ibi tí mo ti ń gbá a ni Ẹ-má-mira ti wọlé wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Ó sọ ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ nù, ó já kámẹ́rà náà gbà, ó pa á dé. Ó ní aránṣọ, ṣé mo mọ ohun tí mo ṣe. Ó ní kò sí fọ́tò kankan téèyàn lè rí lára fíìmù tí a kò tíì fọ̀, pé òkùnkùn ló ń tọ́jú rẹ̀, oòrùn ló sì ń pa á. Jẹ́jẹ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní ikú mú ìyá rẹ lẹ́ẹ̀kan, omi mú un lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, èmi ọkọ rẹ̀ ni mo sá a sóòrùn.

Ẹ-má-mira ní kí n dìde ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù òun. Kò dá a lójú pé ohunkóhun ṣẹ́ kù. Yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fíìmù gan-an, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọmọ rẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ di ibi tí wọ́n á ti máa gba iná sí fóònù. Ó ní iṣẹ́ òun ti kú, pé gbogbo ayé ló ń ya ara wọn báyìí láìsí ẹni tó ní kí wọ́n má mira. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí ìgò oògùn tó fi ń fọ fíìmù, tó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà bíi ti ẹni tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi aṣọ dí abẹ́ rẹ̀, mi ò rí ọwọ́ ara mi mọ́. Ìka rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Mo séèémí mọ́nú torí mi ò fẹ́ mira, títí ó fi béèrè bóyá mo ṣì wà láyé. Nígbà tó ṣe, ó tan iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa fíìmù náà yọ. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó fà á, ó fà á, dúdú ni. Ó fẹ́ dáwọ́ dúró. Èmi ni mo ní kó má tíì dúró. Mo ní bí èèyàn bá gbàgbé róòlù òwú sójú fèrèsé, ti òde ló máa ń ṣá, ti inú lọ́hùn-ún kì í mọ̀ pé oòrùn ràn. Ó wojú mi, ó ní lẹ́yìn ogójì ọdún, aránṣọ ló wá ń kọ́ òun níṣẹ́. Ó fà á dé òpin. Ẹyọ mẹ́rin ló là á já, mẹ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ yà.

Ó tan iná pupa kékeré kan, ó ti pépà funfun bọ inú abọ́ oògùn. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo tún rí i pé omi ni. Ṣùgbọ́n téèpù ìwọn aṣọ tí ìyá rẹ máa ń fi kọ́rùn ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ méjèèjì. Omi tó gbé e lọ lọ́wọ́ rẹ ló dá a padà sí mi lọ́wọ́.

Fọ́tò náà, èyí tí mo fi sínú àpòòwé yìí, wọ́, ọwọ́ ìyá rẹ kan sì rí bàìbàì. Ẹ-má-mira ní ẹni tó yà á kò ga, torí ìsàlẹ̀ ló ti wò ó. Ìgbà yẹn ni mo rántí. Ìwọ ni. O gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ìyá rẹ, o ní kó má mira, ẹ̀rín pa á, ó mira. Jẹ́jẹ́, kì í ṣe èmi ni ìyá rẹ ń wò níbẹ̀. Ìwọ ló ń wò.

Ẹ-má-mira ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó máa gba iná fóònù ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn á ṣì ṣókùnkùn. Èmi náà rò pé fíìmù ò ní kú níwọ̀n ìgbà tí àwa èèyàn bá ṣì ń gbàgbé nǹkan sábẹ́ tábìlì.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá tún ti ń ra fíìmù. Bí owó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn rẹ̀ tó ti tán, kó o sì ra fíìmù kan. Wọ́n ní fọ́tò mẹ́rìndínlógójì ló ń wà nínú rẹ̀. Bó bá wọ́n, ní kí wọ́n gé ìwọ̀nba tí agbára rẹ ká fún ọ, bí a ṣe ń gé aṣọ. Kámẹ́rà náà ń bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ. Ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin méjì inú yàrá yẹn yà ọ́. Kò sẹ́ni tó lè yani láìkọ́kọ́ wo ojú ẹni.

Kò ní sí òkùnkùn tí wàá wọ̀ tí o kò ní fi ojú tó mọ́ jáde. Ilé yìí kò ní gbàgbé ojú rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, aránṣọ.

Ẹ-má-mira ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé báyìí, ó ka ẹ̀yìn àpòòwé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní báwo lo ṣe máa ka lẹ́tà nínú òkùnkùn. Mi ò rò ó débẹ̀. Ó ní fọ́tò tó ti jáde sórí pépà kò bẹ̀rù oòrùn mọ́. Nítorí náà dákun, ọmọ mi, ṣí fèrèsé, kó o gbé ìyá rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin mẹ́tàlá yẹn, níbi tí gbogbo yàrá á ti rí i.