Kọ́kọ́rọ́ Pápá Tí Kò Jẹ́ Kí N Wá Síbi Ìgbéyàwó Rẹ

Ilé Ìyá Oníwàrà,
Ẹ̀gbẹ́ Pápá Ìjẹko,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin.

Eyínfúnjowó, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Bàbá ńkọ́, àbí wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn? Ọkọ ìyàwó wa ńkọ́? Sọ fún un pé bí kò bá tọ́jú rẹ, èmi ni yóò wá ṣàlàyé fún. Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ti ń wo ọ̀nà mi. O ní èmi ni màá dúró tì ọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní lè wá. Jọ̀ọ́, má tíì fa lẹ́tà yìí ya, jẹ́ kí n rojọ́ ná.

O ṣáà mọ̀ pé iṣẹ́ pápá ni ilé-ẹ̀kọ́ rán wa wá ṣe níbí. Nígbà tí a dé, ilẹ̀ ìjẹko náà ti pá bí orí arúgbó. Màlúù ti jẹ koríko dé gbòǹgbò, afẹ́fẹ́ sì ń kó iyẹ̀pẹ̀ lọ. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn darandaran jọ gbin koríko, a jọ fi wáyà yí apá kan ká kí ilẹ̀ lè sinmi títí òjò yóò fi rọ̀ dáadáa. Àdéhùn wa ni pé màlúù kankan ò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ta ni yóò wá mú kọ́kọ́rọ́ géètì? Àwọn darandaran òkè odò ò gba àwọn ti ìsàlẹ̀ odò gbọ́, àwọn ará ìsàlẹ̀ náà ní a kì í fi ológbò ṣọ́ ẹran. Ni wọ́n bá ní ẹni tí kò ní màlúù ni kó mú un, wọ́n sì nawọ́ sí mi. Inú mi dùn o! Mo rò pé oyè ni wọ́n fi mí jẹ, àṣé ẹ̀wọ̀n ni.

Òjò kọ̀, kò rọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, olùkọ́ wa kó àwọn yòókù lọ sílé. Èmi ní màá fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹnìkan lọ́wọ́, màá sì tẹ̀lé wọn. Ta ni yóò gbà á? Mo fi lọ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ irinṣẹ́ wa, ó fò sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò: "Èmi tí mo ní ewúrẹ́! Lọ́la wọ́n á ní ewúrẹ́ mi ló ń jẹ ẹ́." Tíṣà ilé-ìwé abúlé ní àna òun ní màlúù. Mo gbé báàgì dé etí títì lẹ́ẹ̀kan, àwọn èèyàn kàn ń wò mí, mo sì padà. Bí mo bá lọ, wọ́n á já wáyà kí ilẹ̀ tó ṣú, iṣẹ́ gbogbo wa á dòfo, wọ́n á sì máa fi ọ̀pá bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹni tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gún mi lọ́kàn jù ni Ìyá Oníwàrà, obìnrin tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀dá ti pa màlúù wọn tán, àyàfi pupa kan ṣoṣo. Ojoojúmọ́ ni màlúù yìí máa ń dúró ti wáyà, tí yóò máa na ahọ́n sí koríko tí ahọ́n rẹ̀ ò tó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ṣubú. Ìyá wá kan ilẹ̀kùn mi.

"Ọmọ mi, mi ò ní kí o ṣí i o. Ṣáà wá bá mi wò ó."

Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Mo sáré lọ bá àgbà òkè odò àti àgbà ìsàlẹ̀ odò. Ọ̀kan ní, "Bí o bá ṣí i fún un, tèmi á ti wọlé kí o tó yíjú." Èkejì ní, "Tèmi á ṣáájú tirẹ̀ ni!" Ibi kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ wọn ti bára mu nìyẹn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí màlúù má wọlé, kí á máa fi dòjé gé koríko díẹ̀díẹ̀ gbé jáde fún èyí tí kò lè dìde mọ́, lókè àti nísàlẹ̀. Wọ́n rò ó títí, wọ́n gbà. Àmọ́ wọ́n ní èmi gan-an ni kí n máa dúró tì wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. O ò rí ayé mi? Mo fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi.

Màlúù àwọn mìíràn dìde. Ti Ìyá ò dìde. Koríko àkọ́kọ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tó fi kú, kò rí i gbé mì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá Ìyá lẹ́nu géètì, wọ́n ti dé ṣáájú gbogbo wa. Mo ní kí Ìyá lọ sinmi. Wọ́n na ọwọ́ sí mi.

"Èmi náà ò ní màlúù mọ́. Kò sẹ́ni tó máa bá mi jiyàn. Mú kọ́kọ́rọ́ wá, kí o máa lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ."

Àwọn àgbà méjèèjì mi orí pé ó tọ́. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu, Eyínfúnjowó, mọ́tò pàápàá ń bọ̀ lókèèrè. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni màá fi sọ pé ikú màlúù Ìyá ló tú mi sílẹ̀? Mo di kọ́kọ́rọ́ náà mú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi lọ́wọ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná." Ìyá mú dòjé, wọ́n wọlé lọ gé koríko fún màlúù ẹlòmíràn.

Dárí jì mí. Fi àbúrò rẹ sí ipò mi, kó má kàn sunkún jù ọ́ lọ. Bá mi kí Màmá, kí o bá mi kí Bàbá àti gbogbo ilé. Bí òjò bá ṣú lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ náà, ẹ má gbàdúrà kó dá. Ẹ sọ fún un pé ọ̀dọ̀ wa ni kó máa bọ̀.

Èmi ni, tìrẹ níbi tí mo há sí,

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.