Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Ìbọn Wà Lọ́wọ́ Mi

Dọ̀tun ọmọ mi,

O kú iṣẹ́. Ìrẹsì rẹ wà lórí sítóòfù. Jọ̀ọ́, ka ìwé yìí tán kí o tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement.

Ìbọn àtijọ́ tí ò ń tún ṣe, èyí tí o fẹ́ fi díje ní kíláàbù ayìnbọn yín, orí tábìlì ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni o fi í sí lọ síbi iṣẹ́. Mo mọ̀ pé o fẹ́ kí òróró tí o fi pa igi ìdìmú rẹ̀ gbẹ ni. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ yìí, Fẹ́yìsayọ̀ ọmọ rẹ ti gbé e. Ó na ẹnu ìbọn sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Grandma, it's Daddy's toy."

Mo já a gbà. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi, igi ìdìmú náà sì là. Má bínú. Mo rí bí o ṣe ń ha á lójoojúmọ́ kí ó lè bá àtẹ́lẹwọ́ rẹ mu.

Mo mọ̀ pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ̀.

Mo ti tì í mọ́ inú àpótí irin, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú báàgì mi. Mo ń mú ọmọ lọ sí daycare, kí n tó lọ rí dókítà ní àdúgbò Sunridge.

N kò tíì sọ fún Ìbílọlá. Ìwọ ọkọ rẹ̀ ni kí o sọ fún un. Tí ó bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, òun ni màá fún ní kọ́kọ́rọ́.

Ìyá rẹ