Ọjọ́ Méje Tí Mo Fi Wo Igi Ọdán

Abà Ìdí-Ọdán,
Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́.

Misturah, Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo sì tún ọ kí. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Jikwoyi Àbújá yẹn? Ṣé ara le, ṣé ò ń jẹun, ṣé ò ń sùn? Jọ̀ọ́, dá mi lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wàá rí ìdí rẹ̀ níwájú. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí n gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ láéláé, pàápàá jù lọ èyí tí àwọn ará abà yìí ti gbọ́ láìsí ẹni tó sọ ọ́.

Ilé dára. Ewúrẹ́ tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ bí méjì, ọ̀kan dúdú, ìkejì aláwọ̀ eérú. Páànù orí yàrá rẹ ṣì ń jò, mo ti gbé abọ́ sí i.

Fọ́ọ̀mù tí o fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ mi. Tíṣà Nehemiah tó ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé wa ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi kó tó gba ọlidé lọ sílé. Ó ní ohun tí ò ń kọ́ ní yunifásítì ni bí igi, koríko àti ìta gbangba ṣe ń fún èèyàn ní ìlera. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Misturah, gbogbo ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn, torí kí o lè kúrò lábẹ́ igi ni. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run gbé ọ dé ọ́fíìsì, àṣé wọ́n á tún dá ọ padà sábẹ́ igi, wọ́n á sì gbowó ilé-ìwé lórí rẹ̀! O sọ fún mi nígbà kan pé Maitama tí àwọn olówó ń gbé ni igi pọ̀ sí, ṣùgbọ́n inú mọ́tò ni àwọn ará ibẹ̀ ń wà, pé ní Jikwoyi èèyàn pọ̀ bí èèrà, wọn ò rí igi jókòó sábẹ́ rẹ̀. Kí ló wá dé tí ẹ ò máa kó àwọn ará Jikwoyi lọ sí Maitama láràárọ̀ kí wọ́n lọ jókòó? Bóyá ohun tí ẹ̀ ń kọ́ gan-an nìyẹn, n ò mọ̀.

Fọ́ọ̀mù ní kí n jókòó síta fún ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, fún ọjọ́ méje, kí n má mú iṣẹ́ kankan dání, kí n má gbọ́ rédíò, kí n fi fóònù sílé, kí n kàn máa wo igi. Èmi kì í fi iṣẹ́ yunifásítì ṣeré. Mo pa fóònù, mo tì í mọ́ inú àpótí fún ọjọ́ méjèèje. Mo wọ jálábíà funfun mi, mo tẹ́ ẹní sábẹ́ ọdán, mo mú fọ́ọ̀mù dání, mo ń wo igi. N kò ní aago, nítorí náà mo máa ń jókòó títí oòrùn á fi kan àtàrí, kí ogún ìṣẹ́jú má baà dín.

Lọ́jọ́ kìíní, Ìyá Shakirah aládùúgbò wa wá, ó kúnlẹ̀, ó wo ìwé ọwọ́ mi, ó bi mí pé ṣé láti Àbújá ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ Misturah ni. Ó dáwọ́ lé àyà, ó ní kí n ṣọkàn gírí, ẹ̀yìn á dáa. Mo ní àmín. Kó tó di ọ̀sán, ojúde ti kún. Àwọn kan gbé iṣu wá, àwọn kan gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á mi orí, àwọn náà á máa wo igi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Mo rò pé ẹ̀kọ́ tí o lọ mú yẹn ni wọ́n ń bá mi káàánú, mo tilẹ̀ sọ fún wọn pé gbogbo wàhálà tí mo ṣe lórí ọmọ yìí, ibi tó já sí nìyí. Ni wọ́n bá bú sẹ́kún.

Ní ọjọ́ keje, Àlùfáà Saeed, lèmọ́mù wa, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ṣé ọ̀la ni fídáù. Mo ní fídáù ta? Ó ní Ọlọ́run ló ń fúnni lọ́mọ, òun náà ló ń gbà á. Ìwọ náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, àgbàlagbà kì í wọ funfun jókòó sórí ẹní láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ lásán, ẹnì kan kì í sì í là á mọ́lẹ̀ fún bàbá pé ọmọ rẹ̀ ti kú. Èmi náà mọ̀ ọ́n, fọ́ọ̀mù rẹ ló mú un kúrò lọ́kàn mi.

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà mi já. Mo ní bóyá wọ́n gbọ́ ohun tí èmi ò gbọ́, torí odindi abà ò lè máa ṣọ̀fọ̀ láìnídìí. Mo sáré lọ gbé fóònù, iná ti tán nínú rẹ̀. Mo sá dé ọ̀dọ̀ Afeez onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀, n ò wọ bàtà. Bí fóònù ṣe ń gba iná ni mo ń ké Yásíìnì. Nígbà tí o gbé e, o ní kí ló dé tí fóònù mi kò lọ, o tún ní nínú oókan sí ẹ̀wá, mélòó ni mo kọ sí àwọn ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù. Inú mi dùn, inú sì bí mi. Ariwo tí o gbọ́ tí o ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ẹkún mi ni.

Mo kọ ẹ̀wá sí gbogbo ìbéèrè, kí o má baà fìdí rẹmi. Nígbà tí Tíṣà dé, ó ní ìbéèrè kẹsàn-án, bí ìdáwà ṣe ń yọ mí lẹ́nu tó ni wọ́n ń béèrè, kí n pa ẹ̀wá ibẹ̀ rẹ́. N kò pa á rẹ́. Ọdún mẹ́ta tí ìyá rẹ ti kú, n kì í jókòó síta mọ́. Ní ọjọ́ méje yìí, mo bá èèyàn jẹun, mo sì sùn wọra. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ní ṣé igi ló ṣe mí láǹfààní. N ò mọ ohun tí n ó kọ. Igi náà ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, èèyàn ni kò sí. Ní báyìí tí mo ti ní o wà láàyè, oníkálukú ti padà sóko, ó wá ku èmi àti ọdán.

Àwọn kan ṣì ní mo ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ ni. Nítorí náà, wá owó díẹ̀ fún mi kí n fi ra bátìrì fóònù, kí a sì fi ṣe sàárà ìdúpẹ́. Má fi sí báńkì o. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó béèrè nọ́ńbà àṣírí mi lójú gbogbo èèyàn, mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí, kò gbọ́. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi mú un wá.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ìjáde rẹ àti ìwọlé rẹ. Èmi ni yóò kú, ìwọ ni yóò sin mí, wọn ò ní fi ọ́ kí mi. Wá, kí ojú wọn rí ọ kí wọ́n lè gbàgbọ́. Èmi ti gbọ́ ohùn rẹ, mo ti gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ṣáà wá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àtàndá.