Àtúnṣe Tó Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Mi

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàrìbì

Ìwé tí Bàbá máa fi gba carte de séjour, ìwé àṣẹ ìgbélùú, lọ́la wà nínú kọ̀ǹpútà Linux mi. Láti ọ̀sán, ojú dúdú àti lẹ́tà funfun nìkan ló ń fi hàn mí.

Ahun ló kó bá mi. Kí dátà má baà tán, ètò kan ṣoṣo nínú àwọn tó ń mú un ṣiṣẹ́ ni mo sọ dọ̀tun, mo fi ìyókù sílẹ̀. Wọn ò gbọ́ra wọn yé mọ́. Kọ̀ǹpútà ní kí n fa ìyókù wá látorí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ètò tó ń gbé e dé íńtánẹ́ẹ̀tì gan-an ni mo bà jẹ́!

Bàbá yọjú. "Haba, Rámọ́tà, kí ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀ tó o fi ń tún un ṣe?"

Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é.