Màmá Dókítà Cecilia Ìbítóyè (1938–1998): Olùkọ́ Àwọn Tó Ń Wá Ìdí Àrùn

Ìyàrá, nílẹ̀ Ìjùmú, ni wọ́n bí Màmá wa, Dókítà Cecilia Olúwatóyìn Ìbítóyè, sí lọ́dún 1938. Àgbẹ̀ ni bàbá wọn, Sálíù Ọlọ́runṣọlá, Mùsùlùmí tó dúró ṣinṣin. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì láti Ògìdì ni ìyá wọn, Dèbórà. Nínú ilé náà, ẹni tó ń kírun àti ẹni tó ń lọ máàsì jọ ń jẹun pọ̀ ni.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kàbà lọ́dún 1946. Nígbà tí ẹ̀kọ́ girama kàn, àwọn ẹbí sọ pé Kàdúná jìnnà jù fún ọmọbìnrin, ṣùgbọ́n bàbá wọn fúnra rẹ̀ ló sìn wọ́n débẹ̀. Lọ́dún 1962, wọ́n gboyè ní Ìbàdàn nínú ìmọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí. Lọ́dún 1964, wọ́n fẹ́ bàbá wa, olùkọ́ Michael Ìbítóyè, ọmọ Iffe nílẹ̀ Ìjùmú. Wọ́n jọ gbé ní Sáríà, níbi tí Màmá ti ń kọ́ni ní yunifásítì, títí Bàbá fi ṣaláìsí lọ́dún 1983.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ lọ́dún 1991, Màmá kẹ́rù wálé. Wọ́n sọ yàrá méjì ní Kàbà di ilé àyẹ̀wò, wọ́n sì ń gba àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ni bí àrùn ṣe ń wọ ara, àti bí ara ṣe ń bá a jà. Kí ló dé tí omi kan náà fi ń ṣe ọmọ kan, tí kì í ṣe èkejì? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti sáré ní, "Mo ti rí i," Màmá á ní, "Tún un wò."

Lọ́dún 1995, àwọn ọmọ abúlé kan nítòsí Odò-Ẹrẹ̀ ń tọ ẹ̀jẹ̀, àìsàn tí a mọ̀ sí àtọ̀sí ajá. Màmá mú Martha àti Benjamin, akẹ́kọ̀ọ́ wọn méjì, lọ síbẹ̀. Baálẹ̀ kí wọn, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n gba ìtọ̀ àwọn ọmọ fún àyẹ̀wò. Ó ní, "Okun o, Ìyá. Àwọn kan ti wá gba ìtọ̀ àwọn ọmọ wa rí. A ò gbúròó wọn mọ́." Màmá ṣèlérí pé abúlé náà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ àbájáde. Ìgbà náà ni Baálẹ̀ tó yọ̀ǹda.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò parí tán ni ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ránṣẹ́ pe Benjamin pé kó wá sọ àbájáde rẹ̀. Òjò sì ti ba ọ̀nà abúlé jẹ́. Ó bẹ̀bẹ̀ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ Ìbàdàn. Abúlé ò ní sá lọ."

Màmá ní, "Abúlé ò ní sá lọ. Àìsàn inú wọn náà ò sì ní sinmi dè wá."

Benjamin bínú, ó rò pé oríire òun ti bọ́. Síbẹ̀, ó gbé àpótí maikirosikóòpù rù, ó tẹ̀ lé Màmá, tí orúnkún ń dùn wọ́n, nínú ẹrẹ̀.

Ní abúlé, ìyá kan, Theresa, kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀, Rejoice, lo oògùn tí Màmá mú wá. Ó ní, "Ara ọmọ mi le. Kò tọ ẹ̀jẹ̀ rí." Òótọ́ ló sì sọ. Benjamin fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé, Màmá fọwọ́ kàn án pé kó sinmi. Wọ́n ní kí Theresa fojú ara rẹ̀ wo inú maikirosikóòpù. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè. Ẹyin aràn, onímú ṣóńṣó, ló rí nínú ìtọ̀ ọmọ rẹ̀.

Ó béèrè pé, "Èyí wà nínú ọmọ mi, ọmọ náà sì ń sáré kiri?"

Benjamin rọra dá a lóhùn: "Ara rẹ̀ ló ń fara dà á, Ìyá Rejoice. Ó ń jà, òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀."

Theresa ló fọwọ́ ara rẹ̀ fún ọmọ náà lóògùn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyá mìíràn ti tò síwájú ẹ̀rọ náà, kálukú fẹ́ rí ti ọmọ tirẹ̀. Ìpàdé Ìbàdàn kọjá lọ, a ò sì gbọ́ kí Benjamin dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Màmá kì í pa máàsì òwúrọ̀ jẹ, wọn kì í sì í pa Iléyá jẹ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá wọn. Wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin abúlé nípa ìṣáwùrú odò tó ń gbé aràn náà kiri. Àrùn rọpárọsẹ̀ dá wọn dúró lọ́dún 1997. Lórí ibùsùn, wọ́n ṣì ń ní kí Martha ka iṣẹ́ rẹ̀ sétí wọn. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní oṣù Kẹta, ọdún 1998.

Àwọn ọmọ tí Màmá fi sáyé lọ ni Ernest, Priscilla àti Pẹ̀lúmi. Àwọn ọmọ-ọmọ ni Inúmidùn àti Destiny. Martha, Benjamin àti àwọn ọ̀dọ́ mìíràn tí Màmá tọ́ náà wà láàrin àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀.

Màmá wa, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́. Kí ilẹ̀ Ìyàrá tẹ́ yín lára. Ẹ sùn ire o.