Tábìlì Ọ̀gá àti Ọrùn Mi

Ọjọ́ Ajé, 8/9/2025
Mo tún ṣe é! Apá òsì méjì ni mo gé fún bùbá Lukman, oníbàárà mi. Èmi Mùtíù, télọ̀ tó ti gba fíríìdọ̀mù láti ọdún mọ́kàndínlógún! Lukman wò mí, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé mo ti di alápá òsì méjì ni?" A jọ rẹ́rìn-ín. Tèmi pọ̀ ju tiẹ̀ lọ, torí ojú ń tì mí. Ọrùn ti ń dùn mí tipẹ́, àmọ́ láti bí oṣù mẹ́ta, orí ń fọ́ mọ́ ọn, bí ẹni pé ògì ló wà nínú ẹ̀. Mo máa wọn àyà oníbàárà, kí n tó gbé bírò, nọ́ńbà ti lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9/9
Wàhálà dé. Mobọ́lájí, ọmọkùnrin kan tó fẹ́ gbéyàwó ní Mágbòrò, gbé òfì wá kí n fi rán agbádá. Ìyá rẹ̀ ló fọwọ́ ara ẹ̀ hun ún n'Ísẹ́yìn kó tó kú. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò sí òmíràn níbì kankan o." Mo gbà á, mo tì í mọ́ àpótí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Bí mo bá ba eléyìí jẹ́, mi ò ní gé aṣọ mọ́ láyé.

Ọjọ́bọ̀, 11/9
Ìjọba — Wòsílátù ìyàwó mi ni o, kó má rí ìwé yìí — ní ayé ló ń ṣe mí. Ó ti ní kí ẹgbẹ́ aṣàlátù fi mí sádùúà. Ọ̀tá wo ló ráyè tèmi ní Mówè níbí?

Ọjọ́ Ẹtì, 12/9
Sísítà Jésùlayọ̀mi, aládùúgbò wa tó ń tọ́jú eegun àti iṣan ní ọsibítù kan n'Íbafò, wá gba ẹ̀wù rẹ̀. Ó bá mi níbi tí mo ti ń gé aṣọ. "Ah-ah! Bọ̀dá Mùtíù, ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe bend!" Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ọrùn mi. Mo pariwo, ewúrẹ́ tó wà lójúde sá lọ.

Ó ní iṣan ọrùn tó bá le báyìí lè fa orí fífọ́, ó lè gba oorun lójú èèyàn. Ẹni tí ara ń ro tí kò sì sùn, báwo ni ọpọlọ ẹ̀ ṣe fẹ́ já gaara? Kò búra o, ó ní ká kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ ná: kí n máa dìde, kí n máa gbórí sókè, kí n gbé tábìlì ìgéṣọ dé ìbàdí. Tábìlì mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ga ju orúnkún lọ.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Tábìlì Ọ̀gá ni.

Ọjọ́ Àìkú, 14/9
Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kò lè mọ̀. Ọjọ́ fíríìdọ̀mù mi, Ọ̀gá mi, Alàájì Láwàlì, gbọ́wọ́ lé tábìlì yẹn, wọ́n ṣàdúrà sí i, wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Ọwọ́ ọ̀gá tiwọn làwọn náà ti gbà á. Ta ló máa ti búlọ́ọ̀kù sábẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìgbàṣẹ? Ṣùgbọ́n Ọ̀gá kúrú — kí Ọlọ́run má bínú — èmi sì ga bí òpó iná.

Mo ń dìde, mo ń na ọrùn. Mo sùn dáadáa lánàá. Òfì ṣì wà nínú àpótí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16/9
Mobọ́lájí pè. Mo parọ́ pé mo ti bẹ̀rẹ̀. Astagfirulláì. Ó di Ifọ̀ lọ́la, lọ́dọ̀ Ọ̀gá.

Ọjọ́rú, 17/9
Ọkọ̀ mẹ́ta kí n tó dé Ifọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ṣàlàyé ọrùn, mo ṣàlàyé orí, mo ní kí Ọ̀gá jọ̀ọ́ jẹ́ kí n gbé tábìlì sókè díẹ̀. Wọ́n dìde fùú. Mo rò pé mo ti bí wọn nínú.

Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé àpò kan jáde. Ègé igi mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀. Ẹsẹ̀ tábìlì! Wọ́n ní ọ̀gá tàwọn ga, èjìká fẹ́ pa àwọn, làwọn bá fi ayùn rẹ́ ẹ lọ́sẹ̀ táwọn gba fíríìdọ̀mù. Ọ̀gá wọn ò mọ̀ títí tó fi kú. Ojú ń tì wọ́n láti sọ, wọn ò sì lè fi igi náà dáná. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́. Ni wọ́n bá wò mí: "Ọdún mọ́kàndínlógún, Mùtíù? O ò sì lè bi mí?"

Ojú tì mí, inú mi sì dùn dọ́ba.

Ọjọ́bọ̀, 18/9
Káfíńtà kan ẹsẹ̀ padà. Mo nàró, mo tẹ́ òfì, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nọ́ńbà ò sá. Bìsìmílà. Mo gé e! Ìjọba ní àdúà ẹgbẹ́ aṣàlátù ló gbà. Mi ò jiyàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20/9
Mobọ́lájí wá dán agbádá wò. Ó bá a mu régí. Ó gbé etí aṣọ símú. Ó ní, "Sà, ó dà bíi pé Màámi gbá mi mọ́ra."

Mo yíjú sógiri, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wá àlùmọ́gàjí.