Kí Wọ́n Dá Ẹran Ara Rẹ Padà

Ilé Alágbẹ̀dẹ,
Ìgbòho.
Oṣù Kẹjọ, 1976.

Sìrájù Àlàó, ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé Salimatou ìyàwó rẹ jí dáadáa, ṣé àwọn ọmọ ò gbàgbé ìyá wọn àgbà? Àwa náà jí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara ló kàn ń wí tirẹ̀. Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ kí n fi ojú mi rí ohun tí ẹnu mi ò ní lè sọ. Tíṣà Òkéwùmí ló ń bá mi kọ ìwé yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ ni kó ṣe máa kọ ọ́, kó má fi gírámà tún un ṣe.

Àrìmíyàù ti Abidjan dé, ó fi lẹ́tà rẹ lé mi lọ́wọ́. Mo gbọ́ pé àmì dúdú kan yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ òsì, ó ń fẹ̀ sí i, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, dókítà sì ní ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ awọ ara. Mo gbọ́ pé wọ́n gé díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí ilẹ̀ Faransé kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ sì ń retí ohun tí o pè ní rẹ́súlítà. Mo gbọ́ ìbéèrè tí dókítà ní kí o bi mí náà, pé ṣé a bí àmì yẹn mọ́ ọ ni, torí bí a bá bí i mọ́ ọ, ọkàn òun á fúyẹ́ díẹ̀. Màá dáhùn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro tilé fún ọ ná.

Òjò rọ̀ dáadáa, iṣu ta, ewúrẹ́ abilà bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Tíṣà ní rẹ́súlítà yẹn, èsì ni, bí èsì ìdánwò. Mo ní èwo ni kí ẹran ara ọmọ mi lọ máa ṣe ìdánwò nílẹ̀ Faransé, nígbà tí ìwọ tí o ni ín ò parí ìwé mẹ́fà?

Sìrájù, ẹran ara ọmọ ẹni kì í sùn níta. Ìwọ́ rẹ, ìdí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé la sin ín sí. Irun tí a fá fún ọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ibẹ̀ náà ni. Awọ tí olóòlà gé, ibẹ̀ ni. Kò sí ohun tó kúrò lára rẹ rí nílé yìí tí mi ò mọ ibi tó wà, àfi èyí. Ṣé wọ́n tiẹ̀ fi aṣọ wé e? Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ ń pa èèyàn. O ní o ò rí oorun sùn mọ́, kò yà mí lẹ́nu, bí apá kan ara ẹni bá wà lórí ìrìn, báwo ni ìyókù ṣe máa sùn? Mo wọ ọkọ̀ lọ sí pósítọ́fíìsì Ṣakí láti béèrè bóyá ó ti gba ibẹ̀ kọjá. Ọmọkùnrin tó wà lójú fèrèsé ní àwọn kì í gba ẹran. Mo ní kì í ṣe ẹran jíjẹ, ẹran ara ọmọ mi ni. Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi yà sọ́tọ̀.

O tún ní awò kan ni wọ́n ń fi wò ó, tó ń sọ nǹkan bíńtín di ràbàtà. Mo bẹ̀ ọ́, ní kí wọ́n fi ojú lásán wò ó. Àìsàn tó bá kéré, ẹ jẹ́ kó kéré bẹ́ẹ̀, ta ló ní kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá?

Nígbà tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo mú ọkọ́, mo gbẹ́ ihò kékeré sídìí igi ọsàn, pé bí wọ́n bá dá a padà, kó má pẹ́ nílẹ̀. Àlùfáà àbúrò bàbá rẹ wọlé, ó bi mí pé kí ni mò ń gbẹ́. Mo ṣàlàyé. Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó wa iyẹ̀pẹ̀ padà sínú ihò, ó ní, Ìyá Sìrájù, a kì í gbẹ́lẹ̀ de ẹni tó wà láàyè. Yéè! Àṣé ohun tí mò ń ṣe nìyẹn! Mo ti gbin ata sójú ihò náà, ṣùgbọ́n mi ò lè wo ibẹ̀.

O ní o kì í lọ sí ìsọ̀ rẹ ní ọjà Adjamé mọ́, pé o kàn ń jókòó sílé, ò ń yí ẹsẹ̀ wò. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, Àlàó. Wọ bàtà rẹ, lọ ta abọ́ rẹ, kí àwọn oníbàárà rẹ bá ọ jà lórí iye abọ́, ìyẹn á gba ọkàn rẹ díẹ̀. Bí àyà mi bá ti ń já, àgbàlá ni mo máa ń gbá. Mo ti gbá a débi pé gbòǹgbò igi ti yọ síta. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ó wá ku ìbéèrè dókítà. Mo kọ́kọ́ ní kí Tíṣà kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, a bí i mọ́ ọ, kí dókítà lè fi ọ́ sílẹ̀, kí o lè sùn. Ó ti gbé bírò sórí ìwé kí n tó ní kó dúró. Bí wọ́n bá torí ọ̀rọ̀ mi ní kí o máa lọ sílé ńkọ́, tí nǹkan náà sì ń jẹ ọ́ lọ? Sìrájù, èmi ni mo wẹ̀ ọ́. Mo fi òrí pa àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn láàárọ̀, mo fi pa á lálẹ́, o máa ń rẹ́rìn-ín. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó mọ́ tónítóní.

Fi owó ọkọ̀ rán Àrìmíyàù sí mi. Kì í ṣe owó epo tàbí ti iyọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ wá bá ọ jókòó de èsì náà. Bí wọ́n bá sì dá ẹran náà padà kí n tó dé, má sin ín sí Abidjan, ìwọ fúnra rẹ ni wàá fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn gbé e wálé.

Ọlọ́run á dá ọ sí, á wò ọ́ sàn, wàá jẹ èrè ọmọ. Bíńtín yẹn ni màá sin nínú ara rẹ. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n sin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mọ́síùrá.